Ilé ìwòsàn yẹ̀pẹ̀ ní etí odò Lea

Bí ẹ bá gba Waterden Road kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ṣáájú ọdún 2007, ní Hackney tó wà ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, èrò lẹ máa kọ́kọ́ rí. Gèlè lóríṣiríṣi, agbádá, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n de táì mọ́ lọ́rùn bí àgbà, mọ́tò tó tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìjọ Kingsway International Christian Centre, ìyẹn KICC tí Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń ṣe ìsìn níbẹ̀ láti 1998. Gbọ̀ngàn wọn ń gba nǹkan bí 4,000 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ìsìn kan kò tó wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn ló ti jókòó níbẹ̀ rí, ẹni tí kò bá sì jókòó níbẹ̀, ó mọ ẹni tó jókòó.

Ẹ wá yí ojú kúrò lára ìjọ, kí ẹ wo àyíká. Gáréèjì bọ́ọ̀sì. Ilé ìkẹ́rùsí. Ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù. Òpó iná gàgàrà tó ru wáyà kọjá lórí omi dúdú. Òkìtì fíríìjì àlòkù kan wà nítòsí, ó ga débi pé òkè fíríìjì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fàájì kò ní forí lé ibẹ̀. Ìdí tí ìjọ tó tó bẹ́ẹ̀ fi ráyè níbẹ̀ kò sì ṣòro láti rí: ilẹ̀ tí onílé kò fẹ́ ni àlejò máa ń rí gbé. Kò sí aládùúgbò tí yóò pe ọlọ́pàá nítorí pé ohùn àdúrà ga jù.

Lónìí, ọgbà ni ibẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Queen Elizabeth Olympic Park, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ti 2012. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, yunifásítì wà níbẹ̀, odò ibẹ̀ ti mọ́ débi pé èsúsú ń hù létí rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń ta bọ́ọ̀lù lórí koríko. Mo ti rìn ín já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń wá sí mi lọ́kàn. Yẹ̀pẹ̀ onímájèlé tí wọ́n wú lórí ilẹ̀ náà láti fọ̀ ọ́ kó tó di ọgbà, wọ́n kọ ibi tí òkìtì kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀, wọ́n kọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n kọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fún un àti ibi tí wọ́n dá a padà sí. Ta ló ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn tó wà lórí yẹ̀pẹ̀ náà?

Òdìkejì odò

Láti àríwá ni odò Lea ti ń ṣàn bọ̀ kó tó dà sínú odò Thames. Bó bá ti dé agbègbè Stratford àti Bow, ó máa ń pín sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ilẹ̀ àbàtà ló sì wà láàárín àwọn ẹ̀ka náà. Omi wà fún iṣẹ́, omi wà láti fi kó ẹrù, ìlú ńlá sì wà nítòsí tí yóò ra ọjà. Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníléeṣẹ́ rọ́ lọ.

Òfin kan tún wá tì wọ́n síbẹ̀. Ní 1844, ìjọba ṣe òfin ilé kíkọ́ fún Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ká àwọn iṣẹ́ tó ń rùn àti èyí tó ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá lọ́wọ́ kò láàárín ìlú: àwọn tó ń se egungun, àwọn tó ń se ọ̀rá, àwọn tó ń po kẹ́míkà. Odò Lea ni ààlà. Ẹni tó bá gba orí afárá kọjá sí ọ̀nà West Ham ti bọ́ lọ́wọ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ oníbàárà rẹ̀ kò jìnnà sí i. Wọ́n kọjá lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, nítorí náà òórùn wọn kì í padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń fà á símú.

Ní bèbè ti Hackney náà, iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró. Hackney Wick ni Alexander Parkes ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1866 láti máa ṣe ohun tó pè ní Parkesine, ike àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà láyé. Ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Carless, Capel & Leonard ti ń fọ epo, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ta epo mọ́tò lábẹ́ orúkọ náà, petrol, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń pè é báyìí. Kò jìnnà síbẹ̀, ní Bow, ni ilé iṣẹ́ ìṣáná Bryant & May wà, níbi tí àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1888 nítorí owó tí kò tó nǹkan àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun tó ń jẹ egungun àgbọ̀n ẹlòmíràn nínú wọn. Mo dárúkọ ìyẹn nítorí pé ara ènìyàn àti ilẹ̀ kò yàtọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wọ inú ọ̀kan ló wọ inú èkejì.

Fún ohun tó ju àádọ́jọ ọdún lọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ọ̀dà, epo tó ti bàjẹ́, eérú, èérún irin. Ààtàn ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí ààtàn àtijọ́ kan gan-an ni wọ́n wá kọ́ ilé eré kẹ̀kẹ́ sí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì wó ilé ní East End nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àlàpà ilé náà tún rí àyè ní àfonífojì Lea. Ìpele lórí ìpele ni. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn, ìtàn iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbẹ́.

Ríra àti lílé

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 2005, ní Singapore, wọ́n kéde pé Lọ́ńdọ̀nù ló borí Paris láti gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì ti 2012. Lára ohun tí wọ́n fi rọ àwọn adìbò ni ìlérí pé eré náà yóò tún ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ṣe, pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì eré, ilẹ̀ etí odò Lea yóò di ti àwọn ará àdúgbò. Ilẹ̀ tí à ń sọ yìí tó nǹkan bí hẹ́kítà 250.

Onílẹ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. London Development Agency, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ rírà náà fún. Ọ̀pọ̀ gbà láti tà. Àwọn tí kò gbà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọba láyè láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ó sì san owó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ wọn ní gbangba. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní 2006. Ó lé ní 200 ilé iṣẹ́ tó ní láti kó, iṣẹ́ tó wà nínú wọn sì tó nǹkan bí 5,000. Ní oṣù Keje 2007, ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba pátá, wọ́n sì fi pákó aláwọ̀ búlúù yí i ká.

Bí wọ́n ṣe ń fọ yẹ̀pẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ pín ilẹ̀ náà sí ojú onígun mẹ́rin lórí àwòrán, wọ́n sì gbẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Epo bẹntiróòlù, epo dúdú, ọ̀dà, òjé, àti àwọn májèlé bí arsenic àti cyanide: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n bá. Ní ibòmíràn, wọ́n bá ohun tó ń tan ìtànṣán, tí kò pọ̀, àmọ́ tó tó láti da oorun mọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí lójú.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà tọ́jú irú ilẹ̀ báyìí ni pé kí wọ́n wú u, kí wọ́n fi tírélà kó o lọ sí ààtàn ńlá lẹ́yìn odi, kí wọ́n sì ra yẹ̀pẹ̀ tuntun. Ó yá, kò sì gba ọpọlọ. Àmọ́ yẹ̀pẹ̀ tó nílò ìtọ́jú níbí tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù. Ẹ ronú iye tírélà tí yóò gba àárín àdúgbò kọjá, ẹ sì ronú àwọn tó ń gbé nítòsí ààtàn tí wọ́n máa dà á sí. Májèlé òdìkejì odò ni yóò tún kọjá sí òdìkejì ibòmíràn. Wọ́n pinnu láti tọ́jú rẹ̀ síbi tó wà. Wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfọyẹ̀pẹ̀ márùn-ún kalẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní ilé ìwòsàn yẹ̀pẹ̀. Orúkọ náà bá a mu. Àyẹ̀wò ni òkìtì kọ̀ọ̀kan máa ń kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pinnu irú oògùn tó tọ́ sí i.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò tètè mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ àgbàdo, ẹ bu omi sí i, ẹ dà á sínú asẹ́. Èyí tó kúnná bá omi lọ sísàlẹ̀, eèrí kù sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹ̀pẹ̀ náà nìyẹn: omi púpọ̀, asẹ́ lórí asẹ́, ẹ̀rọ ń gbọ̀n ọ́n, òkúta ń bọ́ sí apá kan, taàrá ń bọ́ sí apá kan, iyanrìn ń bọ́ sí apá kan, ẹrẹ̀ tó kúnná jù lọ ń bá omi lọ. Ṣùgbọ́n òdìkejì ògì ni wọ́n ń wá. Nínú ògì, ohun tó kúnná là ń jẹ, eèrí là ń kó fún ẹran. Nínú yẹ̀pẹ̀ tó ti díbàjẹ́, ohun tó kúnná ni májèlé máa ń lẹ̀ mọ́, nítorí pé òjé àti epo kì í rí ibi dì mú lára òkúta bí wọ́n ṣe ń rí i lára amọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣan ìyẹn kúrò, òkúta àti iyanrìn tó kù mọ́, wọ́n ṣeé fi kún ilẹ̀ padà. Ẹrẹ̀ díẹ̀ tó gbé májèlé dání nìkan ni wọ́n ń fún mọ́ra, tí wọ́n ń kó jáde.

Fífọ̀ kò wà fún gbogbo àìsàn. Yẹ̀pẹ̀ tí epo ti mu yó, wọ́n máa ń kó o jọ bí ebè gígùn, wọ́n á máa fún un ní afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè máa jẹ epo náà títí yóò fi tán. Ìyẹn kò ná wọn ní ariwo, sùúrù ló ná wọn. Yẹ̀pẹ̀ mìíràn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n pò mọ́ ọn, kí ohun búburú inú rẹ̀ dì síbẹ̀ kí omi má lè gbé e rìn. Omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wú ni wọ́n ti lò padà lórí ilẹ̀ kan náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín bí ọdún mẹ́ta ni.

Wọ́n wá bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ kan tó ní àwọ̀ ọsàn sílẹ̀, àwọ̀ tí ojú kò lè fò, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ lé e lórí, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60. Inú sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn ni gbòǹgbò koríko wà, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ tó ń ṣeré lè dé. Iṣẹ́ aṣọ ọsàn náà ni pé kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́gọ́rùn-ún ọdún sí i rí i, kó dá ọkọ́ dúró.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ ọ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé wọ́n ti kó gbogbo májèlé ibẹ̀ lọ. Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bèèrè ni pé: kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ yìí ṣe, ọ̀nà wo sì ni ohun búburú tó wà nísàlẹ̀ lè gbà dé ara ẹni tó wà lókè? Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ibùdókọ̀ kò nílò kó mọ́ tó ilẹ̀ tí ìyá kan yóò gbin ẹ̀fọ́ sí. Bí ọ̀nà láàárín májèlé àti ènìyàn bá ti já, ilẹ̀ náà ṣeé lò. Òótọ́ nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rántí.

Odò

Odò kò gba àlàyé tó tó ti yẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ n kò lè fò ó. Òpó iná 52 ni wọ́n wó, wáyà tó wà lórí wọn ni wọ́n kó wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà mẹ́fà. Ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sínú omi. Láti inú ẹ̀ka odò tí wọ́n ń pè ní Waterworks River, wọ́n kó nǹkan bí 30,000 tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀, taàrá àti àlàpà jáde, táyà wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, odindi mọ́tò kan náà wà nínú rẹ̀. Ní 2009, wọ́n ṣí ìdènà omi tuntun sí Three Mills, kí ọkọ̀ akẹ́rù lè máa gba ojú omi wọlé dípò títì. Ẹrù tó gba ibẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń retí. Lórí ọ̀rọ̀ ìyẹn, tírélà ló borí.

Ní apá àríwá, wọ́n gé bèbè odò tó dà bí ògiri, wọ́n jẹ́ kó rọra rẹlẹ̀ dé ojú omi, wọ́n sì gbin ohun ọ̀gbìn etí omi tó lé ní 300,000. Ilẹ̀ àbàtà tó wà níbẹ̀ kí òfin 1844 tó dé ni wọ́n ń wá padà. Bí òjò bá pọ̀, omi ń gun ibẹ̀ dípò kó wọ ilé àwọn ènìyàn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Clays Lane jẹ́ ẹ́sítéètì kan tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn ń ṣàkóso, àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá gbé. Ó lé ní 400 ènìyàn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó ní 2007. Ilé wà fún wọn níbòmíràn, owó gbà-má-bínú wà. Àmọ́ bí wọ́n ṣe wà papọ̀, tí ẹnì kan mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, tí ẹlòmíràn ń bá a ra oògùn, ìyẹn kò bá wọn lọ sí ilé tuntun, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń gbé inú ilé alágbèéká lágbègbè náà tún kó lọ.

Manor Gardens jẹ́ ojú oko bíi 80, tó wà láàárín omi méjì. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Arthur Villiers, ọlọ́rọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ báńkì, ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú èrò pé títí láé ni. Baba tó ń kọ́ iṣu lébè ní Ìbàdàn yóò mọ ohun tó túmọ̀ sí láti fi ogójì ọdún bọ́ ilẹ̀ kan, kí wọ́n wá ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ lórí òmíràn. Wọ́n wá ilẹ̀ fún wọn ní Leyton, omi dúró lórí rẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n ṣèlérí pé wọn yóò padà sínú ọgbà lẹ́yìn eré. Ìgbà tí ìpadàbọ̀ yóò ṣẹlẹ̀, àwọn kan nìkan ni àyè rẹ̀ gbà, ní Pudding Mill, lórí ilẹ̀ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ṣì wà ní Leyton.

KICC sì kó. Wọ́n gba owó, wọ́n lọ sí Walthamstow. Wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí Rainham, ìjọba kò fún wọn láyè. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ra ilẹ̀ sí Chatham ní Kent, tó jìnnà sí Hackney tó ogójì kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọ tó ní mọ́tò lè dé ibẹ̀. Ìyá àgbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Dalston lẹ́yìn tó ti ra iṣu ní Ridley Road lánàá, báwo ni yóò ṣe débẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìjọ ṣe rí fún ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó òkú. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi ń wọn ìyẹn.

N kò sọ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nínú epo àti ọ̀dà. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ ní ti ilẹ̀, mo gbóṣùbà fún wọn. Ohun tó dùn mí ni pé ìmọ̀ tí wọ́n fi tọ́jú yẹ̀pẹ̀ síbi tó wà, tí wọn kò fi kó o dà sí ibòmíràn, wọn kò lo irú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Yẹ̀pẹ̀ padà sílé. Ènìyàn ló lọ sí ààtàn òdìkejì.

Yunifásítì tó fẹ́ wó ilé onílé

Lẹ́yìn eré, ìbéèrè wá di: ta ni yóò wá síbẹ̀? University College London, UCL, ń wá àyè láti gbòòrò. Àmọ́ kì í ṣe inú ọgbà ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Ní 2011, àwọn àti káńsù Newham jọ gbèrò pé Carpenters Estate, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní Stratford, ni wọn yóò wó láti kọ́ yunifásítì sí. Nǹkan bí 700 ilé ló wà níbẹ̀, káńsù sì ti ń kó àwọn ènìyàn kúrò nínú àwọn ilé gíga ibẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Àwọn tó kù kọ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UCL fúnra wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wọn dúró, wọ́n gba yàrá kan nínú yunifásítì, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn olùkọ́ kan náà bá wọn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè wọn rọrùn: ẹ̀kọ́ wo ni ẹ fẹ́ kọ́ni nípa ìlú, bó bá jẹ́ pé ilé àwọn ará ìlú lẹ ó kọ́kọ́ wó? Ní oṣù Karùn-ún 2013, UCL àti Newham fòpin sí ìjíròrò náà.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí UCL fi gbà láti wá sínú ọgbà, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, tí kò sí ẹni tó ń gbé lórí rẹ̀ mọ́. Ilé wọn tó ń jẹ́ One Pool Street ló kọ́kọ́ ṣí ní 2022, Marshgate tẹ̀ lé e ní 2023. Lọ́dún 2023 kan náà, London College of Fashion kó gbogbo ilé rẹ̀ tó fọ́nká wá síbẹ̀. Loughborough University ti wà níbẹ̀ láti 2015, nínú ilé tí àwọn oníròyìn lò nígbà eré. Orúkọ Marshgate yẹn, ẹ má fi ojú fo ó. Marshgate Lane ni ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ tò sí kí àwọn oníbúlúdósà tó dé, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Marshgate Lane nígbà náà, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe. Ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, yàrá ìwádìí ló ń lọ.

Ti àwọn ọmọ kékeré náà wà. Chobham Academy ṣí ní 2013, láti ọmọ ọdún mẹ́ta dé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mossbourne Riverside Academy ṣí ní 2015, Bobby Moore Academy ní 2017. Omi ìwẹ̀ tí wọ́n fi dupò Òlíńpíìkì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2014, owó ìwọlé rẹ̀ sì sún mọ́ ti omi ìwẹ̀ káńsù. Ọgbà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, mo fẹ́ràn èyí jù: pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní nǹkan lè wẹ̀ nínú omi kan náà tí àwọn olùborí ayé wẹ̀.

Ti ilé gbígbé ló le. Nínú ilé 2,818 tó wà ní East Village, níbi tí àwọn eléré sùn sí, 1,379 ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó ọjà kò ká. Ó sún mọ́ ìdajì, ó dára. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìyẹn kò dé ibẹ̀, owó ilé ní gbogbo agbègbè náà sì ti lọ sókè kọjá agbára ọmọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tó ń rùn.

Mo gba Waterden Road kọjá lọ́sàn-án kan. Orúkọ títì náà kò yí padà. Igi ti dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn wọn nínú àpò. Mo wá ohun kan tí yóò sọ pé ìjọ kan wà níbí, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti kọrin lẹ́ẹ̀kan náà lójú ibí yìí. N kò rí i. Mo jókòó sórí koríko. Ọmọbìnrin kan, kò ju ọdún mẹ́rin lọ, ń fi ike ìbùyẹ̀pẹ̀ gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ títí ihò náà fi gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó bu omi sí i, ó ń wò ó bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ. Aṣọ ọsàn náà ṣì jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀.